Wọ́n ń pe dókítà obìnrin ní “sísì nọ́ọ̀sì”: kí ni ká kọ́ àwọn house officer tuntun?

DókítàÀdùkẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo nílé lóko. Wọ́n ní kí n bá àwọn house officer tuntun (dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè) sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Jímọ̀. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mẹ́fà jẹ́ obìnrin, méjì ò gbọ́ Yorùbá rárá: ọ̀kan jẹ́ Ìgbìrà, ọ̀kan jẹ́ Íbò. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni ìwọ̀sí wẹ́wẹ́ tí dókítà ń rí lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí kò tó ohun tí èèyàn ń pe ọlọ́pàá sí, àmọ́ tó ń jẹni díẹ̀díẹ̀ bí ikán.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Dókítà obìnrin á yẹ aláìsàn wò tán, á kọ oògùn, aláìsàn á wá ní “sísì nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni dókítà máa dé?” Mọ̀lẹ́bí á kọjú sí akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn, òun ni wọ́n á máa bi ní ìbéèrè, registrar obìnrin (dókítà tó ga ju house officer lọ) á wá di ẹni tó ń wòran. Ọkùnrin ń gba “ẹ”, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ń gba “o”. Àwọn ọ̀gá kan á ní iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ti ẹni tó máa bímọ. Ní ti àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, “ẹ bá wa pe ọmọ wa wá” ni wọ́n máa ń gbọ́.

Mi ò fẹ́ wàásù fún wọn. Gbólóhùn tí wọ́n lè sọ ni mo ń wá, àti ohun tí wọ́n máa kọ sílẹ̀, àti ẹni tí wọ́n máa bá. Ẹ dá sí i.

Mètírọ́nìÀgbà (7:40 àárọ̀)

Orí táàgì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n fi okùn kọ́ ọrùn kò wúlò fún èyí: ó máa ń yí ẹ̀yìn padà, orúkọ inú ẹ̀ sì rí wínníwínní. Ẹ ṣe pátákó kékeré tí wọ́n ń fi pín-ìn-nì dè mọ́ àyà ọ̀tún. Kí DÓKÍTÀ wà lókè ní lẹ́tà gàdàgbà, kó ga tó ìka kan, kí orúkọ wà nísàlẹ̀. Àwọ̀ kan fún dókítà, òmíràn fún nọ́ọ̀sì, òmíràn fún akẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ: “Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni Dókítà Bello. Èmi ni mo máa tọ́jú yín lónìí. Nọ́ọ̀sì yín nìyí, Mrs Òjó.” Oyè ló ń ṣáájú, orúkọ ìdílé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ní “orúkọ mi ni Ṣadé” lásán ti fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi pè é. Kí wọ́n tún un sọ lójoojúmọ́, torí mọ̀lẹ́bí tó sùn ti aláìsàn lánàá kọ́ ló máa wà níbẹ̀ lónìí.

Kí wọ́n má sì sọ “èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o!” pẹ̀lú ojú kíkorò. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe èébú. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú wa ti fi ìwọ̀sí san ìwọ̀sí, àwa tí kò sì ṣẹ̀ ẹ́ ló san án fún.

BàbáÌgbọ̀nà (8:05 àárọ̀)

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi ohun kékeré ṣe ńlá. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún pe ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ní “ọmọ mi”, ó ní “káre”, ẹ ní ìwọ̀sí ni. Ibo nílẹ̀ Yorùbá ni arúgbó ti ń pe ọmọ ọmọ ẹ̀ ní “ẹ”? Ìfẹ́ nìyẹn. Ẹ má kó ọgbọ́n òyìnbó wá da àṣà rú.

Olùkọ́Wọ́ọ̀dù (8:52 àárọ̀)

Bàbá, ẹ jàre níbi kan. Arúgbó tó ń pe gbogbo ọmọdé ní “ọmọ mi” kò bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ mú dókítà ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ dúró ti obìnrin yẹn. Bí ìyá bá ní “o” fún àwọn méjèèjì, àṣà ni. Bó bá ní “ẹ jọ̀ọ́, dókítà” fún ọkùnrin, tó yíjú sí obìnrin, tó ní “ìwọ, bá mi gbé omi yẹn,” kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń wò mọ́.

Ẹ gbà á gbọ́, kì í ṣe òyìnbó ló sọ nǹkan yìí lórúkọ. Chester Pierce, oníṣègùn ọpọlọ aláwọ̀ dúdú tó kọ́ni ní Harvard, ló dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, “microaggression”, sílẹ̀ lọ́dún 1970, látinú ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń fara dà lójoojúmọ́ ní Amẹ́ríkà.

Àdùkẹ́, ohun tí mo fẹ́ kó o fi ṣíde ni pé ó ń pa aláìsàn lára. Ẹni tí kò gbà pé dókítà ló ń bá òun sọ̀rọ̀ máa fi ìdajì ìtàn àìsàn ẹ̀ pamọ́ de “dókítà gangan”. Wọ́n á ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún un, kò ní fetí sí i, á kàn fọwọ́ síwèé. Bó bá délé, á ní odidi ọjọ́ mẹ́ta ni dókítà kankan ò yọjú sí òun, ẹ̀sùn á sì dé. Ìdí nìyẹn tí orúkọ, oyè àti aago fi gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sínú fódà. Kí wọ́n tó kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n bi í pé: “Bí àwọn ará ilé bá dé, ta ni ẹ máa ní ó wò yín lónìí?” Bó bá ní “nọ́ọ̀sì kan ni,” àlàyé ò tíì wọlé nìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe.

Adé_Ayétòrò (9:30 àárọ̀)

Gbólóhùn lo béèrè, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nìyí.

Fún “sísì nọ́ọ̀sì”: “Ẹ ṣeun mà. Dókítà ni mí. Ṣé iṣẹ́ dókítà lẹ ń wá, àbí kí n bá yín pe nọ́ọ̀sì?” Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, torí nígbà míì omi drip tó tán ló ń sọ, nọ́ọ̀sì ló sì ń wá lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí wọ́n tún un ṣe, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ẹlòmíràn bá wọn sọ ọ́.

Ẹlòmíràn yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lo àkókò lé lórí. Àwọn mẹ́jọ tó jẹ́ ọkùnrin ni kẹ́ ẹ kọ́ jù. Bí mọ̀lẹ́bí bá kọjú sí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn, kí ó má dáhùn ìbéèrè náà, kódà bó mọ̀ ọ́n. Kó sún sẹ́yìn díẹ̀, kó yí ojú ẹ̀ sí registrar, kó ní: “Dókítà Ọlá ló ń darí ìtọ́jú yín. Àwọn ni kẹ́ ẹ bi.” Ẹ kíyè sí “àwọn” yẹn. Èdè wa ti fún wa ní irinṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní: bí ọkùnrin bá ń fi “wọ́n” sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá ẹ̀ obìnrin létí aláìsàn, àlàyé ti parí. Bó bá ní “ó ń bọ̀, ó lọ jẹun,” òun gan-an ló ṣílẹ̀kùn ìwọ̀sí.

Fún “ọkùnrin ni mo fẹ́ kó wò mí,” ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé: “Ṣé nítorí ibi tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni, àbí nítorí ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?” Bàbá tí wọ́n fẹ́ fi ìka yẹ ihò ìdí ẹ̀ wò nítorí prostate lè máa tijú. Obìnrin tó jẹ́ mùsùlùmí lè fẹ́ obìnrin bíi tiẹ̀. Ìtìjú nìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀sí: bí ẹlòmíràn bá wà, tí kì í ṣe pàjáwìrì, ẹ pààrọ̀, bí kò bá sí, ẹ pe ẹlẹ́rìí tó jẹ́ akọ tàbí abo bíi tiẹ̀, ẹ fa kọ́tìnì. Bó bá jẹ́ pé “obìnrin ò mọ̀ ọ́n” ni, ìdáhùn ni: “Èmi ni dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni, ṣùgbọ́n ewu tó wà níbẹ̀ nìyí.” Kí consultant (dókítà àgbà) má fi ọkùnrin tí ipò ẹ̀ kéré rọ́pò ẹ̀ kí wọ́n lè tètè rí àlàáfíà, torí gbogbo wọ́ọ̀dù á ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára ẹ̀. Lẹ́nu pàjáwìrì, kò sí pààrọ̀ kankan.

Mètírọ́nìÀgbà (9:58 àárọ̀)

Mo fara mọ́ Adé, àyàfi ibi kan. Ọkùnrin yẹn ò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ sọ jù. Gbólóhùn kan, kó dákẹ́. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà títí, obìnrin á tún padà di ẹni tó ń wòran.

ỌmọLọ́kọ́ja (10:21 àárọ̀)

Dókítà Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, Ebira ni wọ́n ń pe ara wọn. “Ìgbìrà” tí ẹ kọ sókè yẹn, orúkọ tí àwọn aládùúgbò fún wọn ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì fẹ́ ẹ. Ẹ tún un ṣe kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé.

Fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ìwọ̀sí tó tóbi jù kì í ti ọ̀dọ̀ aláìsàn wá. Inú ward round ni, ìgbà tí àwọn dókítà ń yí bẹ́ẹ̀dì ká. Consultant á bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, á yà sí Yorùbá, gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, àjòjì á dúró bí òpó, wọ́n á sì tún bi í léèrè ohun tí wọ́n pinnu. Òfin tó yẹ ní wọ́ọ̀dù: Gẹ̀ẹ́sì láàárín òṣìṣẹ́, Yorùbá sí aláìsàn, ẹnì kan á sì túmọ̀ lójú ẹsẹ̀. “Kòbókòbó” àti “ọmọ Íbò yẹn” kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́, kódà bí ẹni náà ò bá gbọ́. Ó máa ń yé wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ògbufọ̀ ńkọ́? Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ aláìsàn tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, kí gbólóhùn sì kúrú. Ìtumọ̀ máa ń ṣini lọ́nà: “ọkàn mi ń dààmú” kò ní kí wọ́n sáré gbé ECG, ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, “inú mi ò dùn” kì í ṣe inú rírun, “ara mi ò yá” sì lè jẹ́ ohunkóhun. Ẹ tẹ ogún gbólóhùn sórí káàdì tó ń wọ àpò: “Níbo ló ń dùn yín?” “Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?” “Ẹ mí kanlẹ̀.” “Ṣé ẹ ti yàgbẹ́?” “Ṣé ẹ lóyún?” Kí wọ́n kọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ. Bí arúgbó bá rẹ́rìn-ín sí ohùn wọn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀; ó máa ń sọ ara dẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ń sín wọn jẹ káàkiri, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

DókítàÀdùkẹ́ (10:30 àárọ̀)

Ẹ ṣeun. Ebira ni. Mo ti tún un ṣe nínú ìwé mi. Èmi tí mo fẹ́ lọ kọ́ wọn náà nìyẹn!

AráÌlúỌba (12:47 ọ̀sán)

Ẹ fi abala kékeré sílẹ̀ fún òkè òkun, torí ìdajì wọn ti ń ka ìwé PLAB, ìdánwò tí dókítà ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Ìwọ̀sí ti Ìlú Ọba níbí ń bá àwọ̀ àti ahọ́n rìn. “Níbo lo ti wá gan-an?” “Gẹ̀ẹ́sì ẹ dáa o!” Wọ́n á rò pé porter (ẹni tó ń ti aláìsàn kiri) ni dókítà ọkùnrin dúdú, obìnrin dúdú á sì di healthcare assistant (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì). Lóṣù kẹwàá 2016, dókítà aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Tamika Cross, ròyìn pé òun fẹ́ ran èrò tó ṣàìsàn nínú ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́, wọ́n ní dókítà gidi làwọn ń wá.

Ìlànà wà níbí, ẹ kàn ní láti mọ̀ ọ́n. Òfin Equality Act 2010 dárúkọ ẹ̀yà, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo. Trust NHS (àjọ tó ń darí ilé ìwòsàn ìjọba) kọ̀ọ̀kan ní England ní Freedom to Speak Up Guardian, ẹni tí èèyàn lè bá láìgba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ kọjá. Láti oṣù kẹrin 2020, ilé ìwòsàn NHS lè kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn tó bá ń fi ẹ̀yà bú òṣìṣẹ́, bí àìsàn náà kì í bá ṣe pàjáwìrì. Dókítà kékeré kì í dá irú ẹ̀ pinnu o. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù ni. Bó bá máa di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ACAS, àjọ tó ń parí aáwọ̀ ibi iṣẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn sí, oṣù ni wọ́n sì fi ń ka gbèdéke ẹ̀, kì í ṣe ọdún. Kí wọ́n má jókòó tì í.

Ní ti orúkọ, kí Olúwaṣeun má dúró de ìgbà tí wọ́n máa sọ ọ́ di “Olu”. Kó yan “Ṣeun” fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó kọ bí wọ́n ṣe ń pè é sábẹ́ táàgì.

ÌbàdànLómú (1:15 ọ̀sán)

Mi ò gbà. Àwọn tó ń pe Tchaikovsky dáadáa lè pe Olúwaṣeun. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n pe orúkọ náà lódindi, ìró kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

AráÌlúỌba (1:22 ọ̀sán)

Ẹni tó bá lágbára ẹ̀, kó ṣe é. Àmọ́ lẹ́nu àrùn ọkàn òjijì, ní aago mẹ́ta òru, ìró méjì ni wọ́n máa fi ké sí i.

Agbẹjọ́ròÒkèFìà (3:10 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀ ṣẹ́ kù. Kí ọjọ́ náà tó parí, kí wọ́n kọ: ọjọ́, aago, ibi, ọ̀rọ̀ náà gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́ (bó bá jẹ́ Yorùbá, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n má túmọ̀ ẹ̀), àwọn tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fèsì, àti ohun tó ṣe sí iṣẹ́. Ìwé ara wọn ni kí ó wà. Kí orúkọ aláìsàn má sí níbẹ̀, “wọ́ọ̀dù obìnrin, bẹ́ẹ̀dì kẹrin” tó. Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ àṣìsọ. Ìgbà mẹ́ta tí ọjọ́ wà lára wọn ti di àpẹẹrẹ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Bí ọ̀gá bá ni, kì í ṣe níwájú aláìsàn. Kí wọ́n bá a níkọ̀kọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, gbólóhùn mẹ́ta péré: “Sà, níbi round àárọ̀ àná, ẹ ní obìnrin ò lè di oníṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ẹ̀, aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kejì ò jẹ́ kí n fa ẹ̀jẹ̀ òun. Mo bẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, kó má wáyé níwájú aláìsàn mọ́.” Bí kò bá yí padà, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka, lẹ́yìn náà sí CMAC (alága ìgbìmọ̀ ìṣègùn ilé ìwòsàn), kí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin, MWAN, wà, NMA, ẹgbẹ́ gbogbo dókítà Nàìjíríà, náà sì wà. Abala 42 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè kọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìyàtọ̀ nítorí akọ tàbí abo. Nàìjíríà sì fọwọ́ sí àdéhùn C190 ti ILO (àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ ní 2022.

Fífọwọ́ kan ara, bíbéèrè ìbálòpọ̀, ìhàlẹ̀ lórí ìgbéléwọ̀n: èyí kì í ṣe wẹ́wẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà lójú ẹsẹ̀.

Olùkọ́Wọ́ọ̀dù (3:41 ọ̀sán)

Ẹ fi kún un pé ìjà ò gbọdọ̀ wọ fódà aláìsàn. Ohun tó kan ìtọ́jú nìkan ni: “Aláìsàn kọ̀ kí dókítà obìnrin yẹ òun wò. A ṣàlàyé ewu. A fún un ní ọ̀nà mìíràn. Aago mẹ́wàá àárọ̀.” Bí wọ́n bá kọ “aláìsàn yájú” síbẹ̀, agbẹjọ́rò aláìsàn ló máa kà á sókè lọ́jọ́ kan.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò residency (ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti di consultant), bí wọ́n bá bi obìnrin pé “ìgbà wo lo fẹ́ bímọ?”, kó ní: “Sà, ṣé gbogbo wa lẹ ń bi ní ìbéèrè yìí?” kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó dúró. Àmọ́ ìwòsàn tòótọ́ ni kí ìgbìmọ̀ kọ ìbéèrè sílẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n bi gbogbo èèyàn ní ọ̀kan náà, kí olúkúlùkù sì fún ni ní máàkì kí wọ́n tó jíròrò. Ẹni tó bá ní ohun tuntun ni obìnrin nínú iṣẹ́ yìí, ẹ sọ fún un pé Agnes Yéwándé Savage ti gboyè ìṣègùn ní Edinburgh ní 1929, Abímbọ́lá Awólíyì ní Dublin ní 1938.

Ìyá_Tíátà (6:04 ìrọ̀lẹ́)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwọ̀sí kan wà tó jẹ́ pé nǹkan ló ń sọ ọ́. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ): ìbọ̀wọ́ 7½ àti 8 kún ibẹ̀, 6 àti 6½ ti tán láti oṣù tó kọjá. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi máa ń ká lórí ìka, okùn ìránṣọ á yọ́ bọ́, wọ́n á ní “ọwọ́ obìnrin ò le.” Tábìlì tí wọ́n gbé sókè dé àyà ẹni kúkúrú náà rí bẹ́ẹ̀, àpótí ìgbẹ́sẹ̀lé kan ló máa yanjú ẹ̀. Yàrá call (ibi tí dókítà ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́) tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹ má bá mi dé ibẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìbéèrè fún stóò ni kí Àdùkẹ́ lọ bá kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé.

Híjáàbù pẹ̀lú. Kì í ṣe kí wọ́n ní “yọ ọ́ tàbí kó o jáde.” Ilé ìwòsàn Royal Derby ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í lo híjáàbù tíátà tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù ní 2019. Níbí, ẹ fún télọ̀ ní aṣọ kan náà tí wọ́n fi rán scrubs (ẹ̀wù àti ṣòkòtò tíátà), ẹyọ mẹ́ta fún ẹnì kan. Rọ́bà ni kó wà létí ẹ̀, kò gbọdọ̀ ní pín-ìn-nì, etí ìsàlẹ̀ á wọ inú ọrùn scrubs. Kí ó máa bá aṣọ tíátà lọ sí ilé ìfọṣọ, kó má bá ẹnikẹ́ni lọ ilé.

Lórí fìlà, ẹ kọ orúkọ àti ipò sí i. Dókítà tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun ní Sydney, Rob Hackett, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2017. Plaster àti máákà tó. Ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wa.

Nọ́ọ̀sìBísí (7:20 alẹ́)

Àwa náà ń ṣe é o. “Dókítà Adéwálé” àti “Ṣadé”, lórí wọ́ọ̀dù kan náà. Mayo Clinic l'Amẹ́ríkà ka irú ẹ̀ níbi ìpàdé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017: bí ọkùnrin bá ń fi obìnrin hàn, ìgbà 49 nínú 100 péré ló ń pè é ní Dókítà, bí obìnrin bá ń fi ọkùnrin hàn, 95. Àdéhùn tó rọrùn: níwájú aláìsàn, oyè fún gbogbo èèyàn, Nọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú. Nínú yàrá tíì, ẹ máa pe ara yín bó ṣe wù yín. Kí ẹni tó ń lọ ra oúnjẹ àti ẹni tó ń kọ ìwé round sì wà lórí rota, ní ètò a-b-d. Obìnrin tó kéré jù ló máa ń bọ́ sí lọ́wọ́.

BàbáÌgbọ̀nà (8:02 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ “o” àti “ẹ” yẹn, mo gbà bí Olùkọ́ ṣe là á. Ti kúnlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ní kí àwọn ọmọ wa má kí àgbà mọ́.

Adé_Ayétòrò (8:15 alẹ́)

Kí wọ́n kí i, bàbá, bí wọ́n ṣe ń kí i nílé. Oyè àti orúkọ ló máa ṣáájú, ìkúnlẹ̀ á tẹ̀ lé e, bó bá wù wọ́n. Kí ọkùnrin náà sì tẹríba, kó má jẹ́ obìnrin nìkan ló ń kí.

DókítàÀdùkẹ́ (9:47 alẹ́)

Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti pín in: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ewu tó wà fún aláìsàn, ogún fún ìdánrawò méjì-méjì (ọkùnrin mẹ́jọ yẹn ló máa ṣe “àwọn ni kẹ́ ẹ bi” títí ẹnu wọn á fi mọ̀ ọ́n), márùn-ún fún kíkọ sílẹ̀, márùn-ún fún ìbéèrè. Káàdì Yorùbá á wà nílẹ̀. Mo máa rí ẹni stóò lọ́la nítorí ìbọ̀wọ́. Táàgì nìkan ló kù: ta ló mọ ẹni tó lè tẹ mẹ́rìnlá kó tó di Ọjọ́bọ̀, ní agbègbè Ọlàìyá tàbí Òkè-Fìà?

Mètírọ́nìÀgbà (10:03 alẹ́)

Àwọn tó ń tẹ̀wé pọ̀ ní Ọlàìyá. Bó o bá débẹ̀, gbé èyí tí wọ́n bá tẹ̀ ṣáájú jìnnà síra ẹ tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin kó o tó sanwó. Bó ò bá lè ka DÓKÍTÀ láti ibẹ̀, jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í mú awò wá sí ilé ìwòsàn.